Ìdìbò Mẹ́ta, Ẹgbẹ́ Mẹ́ta: Iṣẹ́ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ ní Festac àti Amúwò-Ọ̀dọ̀fin

Nígbà tí wọ́n ka ìbò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó tán ní oṣù kẹta ọdún 2023, ẹgbẹ́ òṣèlú APC kó àga 38 nínú 40. Méjì tó bọ́ lọ́wọ́ wọn, ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo ló ni méjèèjì: Amúwò-Ọ̀dọ̀fin. Olúkáyọ̀dé Doherty wọlé fún ẹkùn ìdìbò kìíní, Fólúkẹ́ Osafile wọlé fún ẹkùn kejì, Labour Party sì ni àwọn méjèèjì bá wọlé. Ọdún mẹ́rin ṣáájú ìgbà náà, APC ló ni àga méjèèjì, Mojísọ́lá Alli-Macaulay lórí ọ̀kan, Rauf Age-Sulaimon lórí èkejì. Ọdún mẹ́rin ṣáájú ìyẹn, PDP ni. Ìdìbò mẹ́ta, ẹgbẹ́ mẹ́ta.

Irú èyí kò wọ́pọ̀ l'Ékòó. Ní Kósọ́fẹ́, Adébáyọ̀ Ọ̀ṣínówò tí gbogbo ayé mọ̀ sí Pepper jókòó sílé aṣòfin láti 2003 títí di 2019, kó tó gba ibẹ̀ lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà l'Ábújá. Ní Agége, Mudashiru Ọbasá ti wọlé lẹ́ẹ̀marùn-ún léraléra láti 2007. Ṣùgbọ́n ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, kí aṣòfin tó mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà ní Aláùsá tí ilé aṣòfin wà, sáà rẹ̀ ti tán. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ lóye iṣẹ́ aṣòfin ìpínlẹ̀, Amúwò-Ọ̀dọ̀fin ló yẹ kó lọ wò. Ibi tí wọ́n ti ń dá ènìyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́ léraléra la ti ń mọ iṣẹ́ tí wọ́n rò pé àwọn gbé lé e lọ́wọ́.

Ìlú náà fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ gba àlàyé. Àwọn Àwórì ló ni ilẹ̀ Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, wọ́n sì wà níbẹ̀ dòní. Ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ ló kọ́ Festac, láti fi gba àlejò nígbà àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà aláwọ̀ dúdú àgbáyé, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1977 tó sì parí ní ọjọ́ 12 oṣù kejì. Nígbà tí àlejò lọ tán, wọ́n pín ilé fún aráàlú. Àwọn tó kó wọ inú rẹ̀ kò wá láti ìran kan: Yorùbá, Ìgbò, Ìjọ, Úròbò, Ẹ̀dó, gbogbo wọn ló wà nínú close kan náà, tí wọ́n jọ ń dá owó fún ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ géètì. Ẹ fi Mile 2, Agboju, Satellite Town, Kìríkìrì àti Abúlé-Àdó kún un, ẹ tún rántí àwọn abúlé tó wà láàárín omi tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ kí wọ́n tó dé ibi ìdìbò tàbí ọjà ńlá.

Ìlú báyìí kì í dìbò nítorí pé bàbá ẹni dìbò bẹ́ẹ̀. Ní 2015, Oghene Egoh tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá ni wọ́n rán lọ sí ilé aṣojú-ṣòfin l'Ábújá lábẹ́ PDP, wọ́n sì tún rán an padà ní 2019. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2023, nínú ìjọba ìbílẹ̀ 20 tó wà l'Ékòó, Amúwò-Ọ̀dọ̀fin nìkan ni Gbádébọ̀ Rhodes-Vivour, olùdíje Labour Party, ti borí gómìnà Sanwó-Olú, ìbò rẹ̀ níbẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti gómìnà. Ọjọ́ kan náà yẹn ni Doherty àti Osafile wọlé. Mi ò ní parọ́ fún yín, ìjì kan ló fẹ́ lọ́dún náà tó gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn wọlé, tó sì gbé ọ̀pọ̀ jáde, láìbéèrè ohun tí wọ́n ṣe tàbí èyí tí wọn ò ṣe.

Kí ni òfin wá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí? Kò pọ̀. Kó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kó ti pé ọdún 25 (ọdún 30 ni tẹ́lẹ̀, kí òfin tí ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún 2018 tó fà á wálẹ̀), kó kàwé dé ìpele ìwé mẹ́wàá, kí ẹgbẹ́ òṣèlú kan sì fà á kalẹ̀. Lórí ìwé, ọ̀dọ́ tó ń tún fóònù ṣe ní Agboju lè di aṣòfin. Èyí tó gbẹ̀yìn nínú ohun tí òfin béèrè yẹn ló ń dí ọ̀nà. Kò sí ẹni tó lè dá dúró díje láìsí ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ sì ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Ní 2022, ₦2 mílíọ̀nù ni APC ta fọ́ọ̀mù ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Òfin ìdìbò ọdún náà gbà pé olùdíje lè ná tó ₦30 mílíọ̀nù. Ohun tí wọ́n ń ná kọjá ìyẹn, ẹ má bi mí.

Ṣùgbọ́n owó nìkan kò tó. Ẹni tó fẹ́ di aṣòfin ti ní láti máa lọ sí ìpàdé wọ́ọ̀dù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ti gbé àga, ó ti lẹ ìwé ìpolongo mọ́ òpó iná, ó ti kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ nílé wọn lọ́jọ́ ọdún. Ọbasá tí mo dárúkọ níṣàájú, kánsẹ́lọ̀ ló kọ́kọ́ jẹ́ ní Agége láti 1999 sí 2002, kó tó ronú Aláùsá. Nígbà tí ìdìbò abẹ́lé bá dé, àwọn baba ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń sọ ibi tí ọwọ́ máa nà sí. Ní Agége tàbí Kósọ́fẹ́, ẹni tó bá ti gba tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ tó lágbára ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán. Amúwò-Ọ̀dọ̀fin kò rí bẹ́ẹ̀: tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, ìwé ìrìnnà lásán ni, kò dá ẹnikẹ́ni lójú pé yóò débi tó ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé ó wọlé. Ó ti kọ ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀, ó ti búra, ó ti jókòó níwájú ọ̀pá àṣẹ. Òfin ilẹ̀ wa sọ pé ilé gbọ́dọ̀ jókòó fún ọjọ́ 181 ó kéré tán lọ́dún. Gbọ̀ngàn tí ẹ ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n kọ́ ni ibi iṣẹ́ gan-an, inú yàrá ìgbìmọ̀ ni. Àbádòfin tí wọ́n bá gbé wá, wọ́n á kọ́kọ́ ka orúkọ rẹ̀ lásán. Nígbà kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì ni wọ́n á jiyàn lórí bóyá ó wúlò. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa bọ́ sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ kékeré, àwọn ni yóò pe aráàlú síta láti wá sọ tẹnu wọn. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ onílé, ẹgbẹ́ ayálégbé, àwọn oníṣòwò àti agbẹjọ́rò ti lè yí gbólóhùn kan padà tí yóò tọ́jọ́ fún ogún ọdún. Nígbà tí ó bá padà dé fún kíkà kẹta, wọ́n á gbé e lọ fún gómìnà. Tí ọgbọ̀n ọjọ́ bá kọjá tí gómìnà kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ilé lè tún dìbò lórí rẹ̀. Tí 27 nínú 40 bá gbà, ó ti di òfin, gómìnà fẹ́ tàbí ó kọ̀.

Mo fẹ́ mú òfin kan tó kan gbogbo ayálégbé tó wà ní Festac. Òfin ilé gbígbé tí ilé aṣòfin Èkó ṣe, tí gómìnà Fáṣọlá fọwọ́ sí ní 2011, sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí onílé tàbí ẹ̀jẹ́ńtì béèrè owó ilé tó ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó gbà á ṣẹ̀, ẹni tó san án náà ṣẹ̀. Owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦100,000, àbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Òfin náà yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Kò yọ Festac. Síbẹ̀, ẹni tó bá wá ilé lọ sí àdúgbò wa mọ ohun tí ẹ̀jẹ́ńtì máa ń kọ́kọ́ sọ: ọdún méjì, kó tó kan owó àdéhùn àti owó ẹ̀jẹ́ńtì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé tí òfin bá ti jáde, iṣẹ́ aṣòfin ti parí lórí rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa fún ilé aṣòfin lágbára láti pe kọmíṣọ́nà tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba, kí wọ́n ní kó mú ìwé wá, kí wọ́n béèrè iye ènìyàn tí wọ́n ti gbé lọ sílé ẹjọ́ lórí òfin báyìí láti 2011. Ìbéèrè yẹn kò ná aṣòfin ní kọ́bọ̀. Kò nílò bàbá ìsàlẹ̀. Aṣòfin tó bá bi í lójú gbogbo ayé, tó sì tún bi í ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà, ti ṣe fún ayálégbé Festac ju ẹni tó pín ẹ̀rọ ìránṣọ ogún lọ.

Ìṣúná tún ni agbára kejì. Gómìnà kò lè ná owó tí ilé kò fọwọ́ sí. Lọ́dọọdún, gbogbo ọ̀nà, ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ fẹ́ ṣe ló wà nínú ìwé ńlá kan, àdúgbò tí kò bá sí nínú ìwé yẹn, ojú lásán ni yóò máa fi wo àdúgbò mìíràn. Ìgbà tí kọmíṣọ́nà bá wá gbèjà ìṣúná rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ ni aṣòfin Amúwò-Ọ̀dọ̀fin ní láti la ẹnu rẹ̀. Tó bá dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ariwo tó bá pa ní oṣù kẹfà kò lè mú ohunkóhun jáde.

Mo fẹ́ yà díẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ èdè, torí pé ó kan ìlú onírúurú ẹ̀yà yìí. Òfin ilẹ̀ wa gbà kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lo èdè ìbílẹ̀ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì tí ilé bá pinnu bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 1999, ilé aṣòfin Èkó kọ̀ ọ́; wọ́n ní Èkó jẹ́ ìlú gbogbo ayé, Yorùbá kò yẹ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dun ọ̀pọ̀ àgbà tó ń kọ́ni lédè, ó sì yẹ kó dùn wọ́n. Nígbà tó yá, wọ́n ya Ọjọ́bọ̀ sọ́tọ̀ fún Yorùbá, nígbà tó sì di oṣù kejì ọdún 2018, gómìnà Àmbọ̀dé fọwọ́ sí òfin tó sọ kíkọ́ Yorùbá di dandan ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àti ti aládàáni. Òfin yẹn ló gbé Yorùbá wọ kíláàsì ọmọ Ìgbò ní Festac. Kí aṣòfin Amúwò-Ọ̀dọ̀fin tó lè sọ̀rọ̀ lórí irú nǹkan báyìí, ó ní láti mọ bí a ti ń bá ilé méjì sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Wàyí o, ẹ wo ohun tí àwọn ènìyàn ń béèrè lọ́wọ́ Ọnọ́rébù gan-an. Tíráńsífọ́mà jóná. Gọ́tà kún. Owó ìdánwò ọmọ. Òkú fẹ́ sin, ìgbéyàwó fẹ́ ṣe, àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Owó oṣù ìpìlẹ̀ tí RMAFC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń pinnu owó oṣù àwọn olóṣèlú, là sílẹ̀ fún aṣòfin ìpínlẹ̀ kò ju nǹkan bíi ₦1.3 mílíọ̀nù lọ lọ́dún kan, kó tó kan àwọn àjẹmọ́nú. Ẹnikẹ́ni tó bá ń fi ìyẹn bójú tó gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, ó ní ibòmíràn tó ti ń rí owó, a kì í sì í béèrè ibẹ̀ nígbà tí ìrẹsì bá ń bọ̀. Aṣòfin náà mọ̀ pé ohun tí a lè yà ní fọ́tò ni ìlú ń rí. Àbá tó gbà wọlé kò ní fọ́tò, fíríìsà àti jẹnẹrétọ̀ ní.

Ohun tó tún burú ni pé ọ̀pọ̀ ohun tó ń dun Amúwò-Ọ̀dọ̀fin kò sí lábẹ́ aṣòfin ìpínlẹ̀ rárá. Àjọ FHA tó ń ṣàkóso Festac, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Kìríkìrì, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ọ̀nà Badagry, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín, kí ìpínlẹ̀ tó dá ọwọ́ lé e. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2020, ìbúgbàmù ṣẹlẹ̀ ní Abúlé-Àdó lórí ilẹ̀ tí ọ̀pá epo ìjọba àpapọ̀ gbà kọjá. Ó pa ènìyàn tó lé ní ogún, ó sì wó ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin kan. Aráàlú ń ké pe aṣòfin wọn, ọ̀pá epo sì rèé, Àbújá ló ń dáhùn fún. Ohun tó wà lọ́wọ́ aṣòfin ìpínlẹ̀ níbẹ̀ ni òfin ilé kíkọ́: ta ló gba ìwé àṣẹ láti kọ́lé sún mọ́ ọ̀pá epo, ta ló sì fún un? Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ọ́ ní 2003, nínú ẹjọ́ tí Èkó pe ìjọba àpapọ̀, pé ìpínlẹ̀ ló ni ètò ilé kíkọ́ àti ìlànà ìlú. Nítorí náà, aṣòfin tó bá sọ pé ọ̀rọ̀ Festac kò kan òun torí FHA ń parọ́ díẹ̀, ẹni tó bá sì ṣèlérí pé òun á lé FHA lọ ń parọ́ púpọ̀.

Ìṣòro mìíràn tún wà fún Amúwò-Ọ̀dọ̀fin: alátakò ni ó sábà máa ń yàn, alátakò sì ń dá wà. Ní 2015, mẹ́jọ ni PDP ní nínú 40. Òfin ilẹ̀ wa sọ pé aṣòfin tó bá fi ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé sílẹ̀ ti pàdánù àga rẹ̀, àfi tí ẹgbẹ́ náà bá pín sí méjì tàbí tó bá dara pọ̀ mọ́ òmíràn. PDP ń jà nígbà náà, ìjà Sheriff àti Makarfi tí wọ́n jọ ń du ipò alága ẹgbẹ́, ilẹ̀kùn sì ṣí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń bá a jáde lọ sí APC, títí ó fi ku Dípọ̀ Ọlọ́runrínú ti Amúwò-Ọ̀dọ̀fin ẹkùn kìíní nìkan. Ó dúró. Nígbà tí ìdìbò 2019 dé, Alli-Macaulay gba àga náà lọ́wọ́ rẹ̀, APC sì kó gbogbo 40. Mo máa ń rò ó pé ìdúró ọkùnrin yẹn tóbi ju ohun tí ìlú san fún un lọ, ṣùgbọ́n ìbò kì í ṣe owó ìfẹ̀yìntì.

Kí ni alátakò méjì lè ṣe láàárín 38? Wọn ò lè dá òfin dúró. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2025: Ọbasá wà lókè òkun, àwọn aṣòfin yọ ọ́ nípò abẹnugan, wọ́n fi Mojísọ́lá Lasbat Meranda láti Àpápá sípò, obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ dá sí i, oṣù méjì kò pé, Meranda fi ipò sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, Ọbasá sì padà. Ìjà ilé kan náà ni, láàárín àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí kò tíì lo ju sáà kan lọ, tí kò sì sí nínú ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù, ojú ló fi ń wo irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n alátakò lè béèrè ìbéèrè tí ọmọ ilé kò lè béèrè, nítorí kò sí bàbá ìsàlẹ̀ kan náà tí wọ́n jọ ń wò. Tí kò bá lo ẹnu yẹn, kò sí ìdí tí a fi yan alátakò.

Èmi ò rí i bí ẹ̀ṣẹ̀ pé Amúwò-Ọ̀dọ̀fin ń lé aṣòfin rẹ̀ lọ. Ìlú tó lè lé ènìyàn lọ sàn ju èyí tí kò lè lé e. Ohun tí mo kà sí àṣìṣe ni pé ohun tí aṣòfin ṣe ní Aláùsá kò sí lára ohun tí a fi ń lé wọn tàbí tí a fi ń gbà wọ́n. Ẹgbẹ́ mẹ́ta la ti dán wò, owó ilé ọdún méjì kò kúrò ní Festac.

Lọ́dọọdún ni ilé aṣòfin Èkó máa ń ṣe ìpàdé pẹ̀lú aráàlú lọ́jọ́ kan náà ní gbogbo ẹkùn ìdìbò 40, Amúwò-Ọ̀dọ̀fin méjèèjì sì wà nínú rẹ̀. Ìwé ìṣúná Èkó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Festac, Agboju, Satellite Town àti àwọn abúlé orí omi, kí 2027 tó dé, ẹ lọ sí ìpàdé yẹn. Ẹ má béèrè ìrẹsì. Ẹ bi Ọnọ́rébù ìlà tí àdúgbò yín wà nínú ìṣúná, kí ẹ sì bi í ìgbà tó bi kọmíṣọ́nà léèrè kẹ́yìn lórí òfin ilé gbígbé. Tí kò bá rí èsì sọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ mú un dání lọ síbi ìdìbò.